Alẹ́ tí McCarty gbẹ̀san Draper lára Lemieux, àti ohun tí irú ẹ̀san bẹ́ẹ̀ bí lẹ́yìn náà

Ẹni tó bá fẹ́ràn họ́kì orí yìnyín ní Detroit, tẹ́ ẹ bá ti dárúkọ Claude Lemieux létí ẹ̀, ojú ẹ̀ á yí padà, kódà kó jẹ́ pé wọn ò tíì bí i nígbà tọ́rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá dárúkọ Darren McCarty, inú ẹ̀ á dùn bíi pé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lẹ dárúkọ. McCarty gbá fún Detroit Red Wings, Lemieux gbá fún Colorado Avalanche tó jẹ́ ọ̀tá wọn. Àwọn méjèèjì kọ́ ló mọ họ́kì jù lásìkò wọn o, Steve Yzerman wà níbẹ̀, Sergei Fedorov wà níbẹ̀, Joe Sakic àti Peter Forsberg wà ní òdìkejì, ṣùgbọ́n táwọn fáànù bá jókòó tí wọ́n ń rántí àtijọ́, orúkọ McCarty àti Lemieux ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn. Mo fẹ́ sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ìgbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́, ìjà nìkan ni wọ́n máa ń sọ, wọn kì í sọ ohun tó bí ìjà, wọn kì í sì í sọ ibi tí irú ìjà bẹ́ẹ̀ ń bá èèyàn dé.

Fún ẹ̀yin tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan lẹ̀ ń wò, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ là á díẹ̀. NHL ni líìgì họ́kì tó tóbi jù láyé, Amẹ́ríkà àti Kánádà ni wọ́n ti ń gbá a, èèyàn márùn-ún pẹ̀lú gólí kan ló máa ń wà lórí yìnyín fún tíìmù kọ̀ọ̀kan, ìdá mẹ́ta ni géèmù kan, ìdá kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ogún ìṣẹ́jú. Pọ́ọ̀kì, nǹkan róbótó pẹlẹbẹ kan, ni wọ́n ń fi igi gbá dípò bọ́ọ̀lù. O lè fi ara gbá ẹni tí pọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́ pátákó tó yí pápá ká, kò lòdì sófin, àmọ́ o ò gbọ́dọ̀ gbá a látẹ̀yìn. Ìjà náà kì í fa káàdì pupa. Táwọn méjì bá ju ibọ̀wọ́ sílẹ̀ tí wọ́n kọjú ẹ̀ṣẹ́ síra wọn, àwọn rẹfirí á dúró wò wọ́n títí ọ̀kan á fi ṣubú tàbí tó fi máa rẹ̀ wọ́n, wọ́n á wá là wọ́n, kálukú á lọ jókòó síta fún ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á padà wá gbá géèmù wọn lọ.

Torí ẹ̀ ni tíìmù fi máa ń ní irú èèyàn méjì kan tẹ́ ẹ ò lè rí nínú bọ́ọ̀lù. Ọ̀kan ni ẹ̀ṣọ́ tíìmù, ẹni tó jẹ́ pé tẹ́nikẹ́ni bá fọwọ́ kan ẹni tó ń gbá góòlù fún wọn, òun ló máa lọ bi onítọ̀hún pé kí ló dé, ó sì mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ́ lòun máa fi bi í. Bob Probert àti Joe Kocur ló ṣe é ní Detroit láwọn ọdún 1980, ẹnu kan náà ni wọ́n fi ń pe àwọn méjèèjì títí dòní. (Ọmọ Nàìjíríà kan náà ṣe iṣẹ́ yìí rí o, Rumun Ndur tí wọ́n bí sí Zaria, ó wà ní Buffalo Sabres láwọn ọdún tí mò ń sọ yìí gan-an.) Èkejì ni ẹni tó máa ń tọ́ ìjà. Á fi igi gún ẹ lẹ́yìn ẹsẹ̀ nígbà tí rẹfirí ò wò, á sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí ẹ, á gbá ẹ nígbà tó ò fura, tó o bá wá fi ìbínú yíjú sí i, á rẹ́rìn-ín, ó ti bọ́ sẹ́yìn, ìwọ tó o gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ ni wọ́n máa ní kó o lọ jókòó síta.

Lemieux ni ẹni kejì yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tẹ́ ẹ lè fojú tẹ́ńbẹ́lú, torí ó mọ góòlù gbá. Nígbà tó wà ní New Jersey Devils ní 1995, góòlù mẹ́fà péré ló gbá nínú líìgì, ìgbà tí play-off dé, ìyẹn ìdíje tó ń tẹ̀ lé líìgì, níbi tí tíìmù méjì ti máa ń pàdé léraléra títí ọ̀kan á fi já, ó gbá 13, wọ́n gba Stanley Cup, kọ́ọ̀pù NHL, òun ni wọ́n sì fún ní Conn Smythe, ìyẹn àmì-ẹ̀yẹ ẹni tó ṣe dáadáa jù ní play-off. Ẹni yìí kan náà ló gé Jim Peplinski ti Calgary jẹ níka nígbà tí wọ́n ń jà ní fáínà 1986. Irú ẹni tó jẹ́ nìyẹn, tó bá wà ní tíìmù yín ẹ máa fẹ́ràn ẹ̀ dọ́kàn, tó bá wà ní tíìmù kejì ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹ̀ láàárọ̀. Detroit náà sì ní tiwọn o, Vladimir Konstantinov, ará Rọ́ṣíà, gbogbo líìgì ló kórìíra ẹ̀ torí bó ṣe máa ń gbá wọn mọ́lẹ̀ tó sì ń fi igi yọ wọ́n lẹ́nu, àmọ́ ní Detroit, ọmọ wọn ni. Mo ń sọ èyí kẹ́nikẹ́ni má bàa rò pé ẹ̀gbẹ́ kan mọ́ tónítóní kí ẹ̀gbẹ́ kejì sì dọ̀tí.

Kí Lemieux tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni ní Detroit ni nǹkan ti ń sè lábẹ́lẹ̀. Ní 2 oṣù Kejìlá 1995, Detroit Red Wings lọ bá Montreal Canadiens nílé wọn, wọ́n sì nà wọ́n ní 11 sí 1. Patrick Roy ló ń ṣọ́ ilé fún Montreal, ọ̀kan nínú àwọn gólí tó dáa jù tí họ́kì ní rí, kóòṣì ẹ̀ sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀ títí góòlù fi pé mẹ́sàn-án, níwájú gbogbo èrò ilé. Bí wọ́n ṣe yọ ọ́ báyìí, ó lọ bá ààrẹ kílọ́ọ̀bù níbi tó jókòó sí lẹ́yìn bẹ́ǹṣì, ó sọ fún un pé òun ò ní gbá fún Montreal mọ́. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ti gbé e fún Colorado Avalanche, tíìmù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò ní Quebec wá sí Denver lọ́dún yẹn. Ẹ ò rí i pé Detroit fúnra wọn ló fọwọ́ ara wọn lé gólí yẹn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa dọ̀tá wọn. Lemieux náà ti wà ní Colorado nígbà yẹn.

Lọ́dún náà, Detroit wọlé nígbà 62 nínú líìgì, kò sí tíìmù tó ṣe tó bẹ́ẹ̀ rí títí dìgbà yẹn. Kọ́ọ̀pù ni wọ́n ń wá, torí wọn ò gbà á mọ́ láti 1955. Wọ́n wá pàdé Colorado níbi tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé fáínà, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti dojú rú. Ní géèmù kẹta, Slava Kozlov ti Detroit fi orí Adam Foote ti Colorado gbá gíláàsì tó wà lókè pátákó, wọ́n rán ojú Foote, Lemieux bá lọ yọ ẹ̀ṣẹ́ sí Kozlov lójijì, NHL sì ní kó má gbá géèmù kẹrin. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ó fi hàn pé Lemieux náà gbà pé ẹ̀san lòun ń gbà.

Géèmù kẹfà, 29 oṣù Karùn-ún 1996, ní Denver. Kris Draper ti Detroit wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó níwájú bẹ́ǹṣì tíìmù ẹ̀, ó kẹ̀yìn sí Lemieux, kò mọ̀ pé nǹkan kan ń bọ̀. Lemieux dé látẹ̀yìn ó sì gbá a, ojú Draper lọ lu etí pátákó níbi tí kò ti sí gíláàsì, ibi tó le jù lára ẹ̀. Àgbọ̀n ẹ̀ fọ́, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ fọ́, imú fọ́, ọpọlọ ẹ̀ mì, eyín ẹ̀ yẹ̀ kúrò láyè. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un láti tún ojú ẹ̀ tò, wọ́n fi wáyà di àgbọ̀n ẹ̀ pa, gbogbo ohun tó bá máa wọ inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ olómi tó máa fi sitírọ́ọ̀ fà. Draper kì í ṣe oníjà o, ọmọ tó ń sáré ni, Detroit san dọ́là kan ṣoṣo fún Winnipeg ní 1993 láti mú un wá, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa dí àwọn ògo tíìmù kejì lọ́wọ́.

Colorado wọlé lálẹ́ yẹn, wọ́n lé Detroit lọ sílé. Àṣà wọn ní họ́kì ni pé tí ìfagagbága bá parí, tíìmù méjèèjì á tò, wọ́n á bọ ara wọn lọ́wọ́ níkọ̀ọ̀kan. Àwọn Detroit tò, wọ́n bọ Lemieux lọ́wọ́, lẹ́yìn tí wọ́n wọlé lọ ni wọ́n tó rí ojú Draper. Dino Ciccarelli tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn bínú gan-an, ó sọ fáwọn oníròyìn pé òun ò lè gbà gbọ́ pé òun bọ ẹni yẹn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dé ọkàn gbogbo ará Detroit. Ẹni tó bọ èèyàn lọ́wọ́ láìmọ̀ pé onítọ̀hún ti ba àbúrò òun lójú jẹ́, báwo ló ṣe máa sùn?

Ibi tó jẹ́ pé èmi gbà pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyí. NHL ní kí Lemieux má gbá géèmù méjì. Méjì péré! Colorado ti dé fáínà, wọ́n na Florida Panthers ní géèmù mẹ́rin léra wọn, Lemieux padà wá gbá méjì tó kù, ó sì gbé kọ́ọ̀pù sókè pẹ̀lú àwọn tó kù, nígbà tí Draper ń fi sitírọ́ọ̀ mu ọbẹ̀ nílé. Lemieux ò bẹ Draper. Táwọn tó ń ṣèdájọ́ bá ti dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n rò pé ó máa ṣẹlẹ̀? Gbèsè wà nílẹ̀, ẹni tó yẹ kó gbà á ò gbà á, àwọn tó jẹ ìyà ni wọ́n máa lọ gbà á fúnra wọn. Gbogbo àwọn tó ń sọ pé họ́kì fẹ́ràn ìjà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi géèmù méjì yẹn sínú ọ̀rọ̀ yín, torí mo gbà pé tí wọ́n bá ti ní kí ó jókòó sílé títí tí Draper fi máa lè fi eyín jẹun, inú àwọn èèyàn á rọ̀ díẹ̀.

Ọjọ́rú ni 26 oṣù Kẹta 1997. Joe Louis Arena ni wọ́n ti gbá a, orúkọ Joe Louis, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tó dàgbà ní Detroit, ni wọ́n fi sọ ibẹ̀, kẹ́ ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lálẹ́ yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Colorado ti na Detroit nínú líìgì sáà yẹn, ẹ̀kẹrin tó sì gbẹ̀yìn nìyí, Lemieux sì wà níbẹ̀. Gbogbo èrò tó wọlé ló mọ ohun tí wọ́n wá wò.

Ẹni tó dá a sílẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí gbogbo ayé ń retí. Ó kù bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ kí ìdá àkọ́kọ́ parí, Igor Larionov ti Detroit àti Peter Forsberg ti Colorado fa ara wọn mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, Larionov jẹ́jẹ́, ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Professor, ẹni tí ìjà ò sí nínú ìwà ẹ̀ rárá. Rẹfirí àtàwọn olùrànlọ́wọ́ ẹ̀ kọjú sí ibẹ̀, àwọn tó kù sì ń di ara wọn mú méjì méjì bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. McCarty ń wá ẹnì kan ṣoṣo. Brendan Shanahan bá a dí Adam Foote lọ́wọ́, McCarty já gbà, Lemieux wà níbẹ̀ kò wojú ẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ ti dé.

Mo ti wo fídíò yẹn débi pé mo lè sọ ọ́ lójú oorun. Lemieux wó sórí orúnkún lẹ́yìn ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́, ó ká ara ẹ̀ jọ, ó fi apá méjèèjì bo orí, bí ìjàpá tó fa orí wọ inú igbá ẹ̀, kò ju ẹ̀ṣẹ́ kankan padà. McCarty ò dúró. Ó ń da ẹ̀ṣẹ́ bò ó lórí àti léjìká, ó gbé orúnkún sí i, ó sì wọ́ ọ lórí yìnyín lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó níwájú bẹ́ǹṣì Detroit, níbi tí Draper wà. Òun náà kò ṣèèṣì wọ́ ọ lọ síbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ Lemieux kán sórí yìnyín, wọ́n ní láti wá ha á kúrò kí géèmù tó lè tẹ̀ síwájú.

Roy rí i láti ojú ilé ẹ̀. Gólí kì í kúrò nílé, gbogbo irin iṣẹ́ tó wọ̀ sì wúwo, ṣùgbọ́n ó jáde, ó ń sáré bọ̀ wá gba Lemieux sílẹ̀. Shanahan náà rí i, ó fi Foote sílẹ̀, ó sáré pàdé ẹ̀, àwọn méjèèjì fò, wọ́n kọlu ara wọn lókè kí wọ́n tó já lulẹ̀. Foote lé Shanahan débẹ̀. Mike Vernon tó ń ṣọ́ ilé fún Detroit wo ọ̀ọ́kán, ó rí i pé wọ́n ti pọ̀ lé èèyàn òun, òun náà bá jáde, Vernon kúrú sí Roy dáadáa, ó sì pàdé ẹ̀ láàárín pápá, gólí méjì kọjú síra wọn, ẹ̀ṣẹ́ lọ ẹ̀ṣẹ́ bọ̀, nígbà tí wọ́n máa là wọ́n, ojú Roy ti ń ṣẹ̀jẹ̀. Ariwo tó wà nínú ilé yẹn, ẹ lè gbọ́ ọ nínú fídíò, ariwo àwọn tó ti di nǹkan sínú fún oṣù mẹ́wàá ni.

Ìjà ò tán síbẹ̀, wọ́n ṣì ń jà ní ìdá kejì, wọ́n fi ẹni tó ń jà ránṣẹ́ sí ibi ìjìyà títí ìṣẹ́jú ìjìyà fi lé ní 140. Ohun tó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún mi jù ni ìdájọ́ tí McCarty gbà. Rẹfirí Paul Devorski fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́rin fún ìwà jàgídíjàgan, kò lé e jáde. Òfin ti wà nígbà yẹn pé ẹni tó bá dá ìjà sílẹ̀ á gba ìjìyà tiẹ̀ kún ìṣẹ́jú márùn-ún, ṣùgbọ́n ìjà ni òfin náà wà fún, ìjà sì gbọ́dọ̀ ní ẹni méjì, Lemieux ò jà. Ọ̀pọ̀ èèyàn Colorado ṣì ń bínú sí ìdájọ́ yẹn, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi, ẹni tó lu ẹni tó ká jọ sílẹ̀, tó gbé orúnkún sí i, ó yẹ kó ti lọ wẹ̀ kó sì wọ aṣọ ẹ̀. Mo fẹ́ràn McCarty, àmọ́ ohun tó jẹ́ òótọ́ nìyẹn. Wọ́n ti ṣojú fo ẹ̀ṣẹ̀ kan ní 1996, wọ́n tún ṣojú fo òmíràn.

Tí wọ́n bá lé e jáde ni, ìtàn ò ní rí báyìí. Ní ìdá kẹta, Colorado wà níwájú ní 5 sí 3. Martin Lapointe gbá ọ̀kan wọlé fún Detroit, ìṣẹ́jú kan ò pé, Shanahan gbá òmíràn, ó di 5 sí 5. Wọ́n lọ sí ẹ́ksírà táìmù, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá góòlù ló wọlé, ìṣẹ́jú-àáyá 39 péré ni wọ́n fi gbá a. Larionov gbé e kalẹ̀, Shanahan fún McCarty, McCarty fi í sílé kọjá Roy. 6 sí 5. Ẹni tó lu Lemieux lálẹ́ yẹn náà ló gbá góòlù, Larionov tí ìjà ti ọwọ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wà nínú ẹ̀, Shanahan tó kọlu Roy wà nínú ẹ̀, Vernon náà sì gba ìṣẹ́gun ẹ̀ tó pé 300 nínú NHL. Tẹ́nì kan bá jókòó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ máa ní irọ́ ti pọ̀ jù.

Ìdí tí mo fi rò pé àwọn fáànù ò gbàgbé McCarty nìyẹn, ju àwọn tó mọ ẹ̀ṣẹ́ jà jù ú lọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tíìmù kan wà tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́rin ni wọ́n ń lò lórí yìnyín lálẹ́ kan, wọ́n á jà, wọ́n á jókòó, ó parí. McCarty ń gbá họ́kì. Òun, Draper àti Kirk Maltby ni wọ́n jọ máa ń jáde pọ̀ lẹ́yìn náà, Grind Line ni wọ́n ń pè wọ́n, Kocur náà bá wọn wà nínú ẹ̀. Kocur tí mo dárúkọ lókè yẹn, ó ti kúrò nínú NHL, líìgì àwọn tó ń fi họ́kì najú lẹ́yìn iṣẹ́ ló ti ń gbá nígbà tí Detroit pè é padà lóṣù Kejìlá 1996, ó sì gba kọ́ọ̀pù lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìyẹn.

Colorado ò gbà pé wọ́n borí àwọn. Mike Keane wọn sọ fáwọn oníròyìn pé ojo làwọn Detroit, pé wọ́n láǹfààní láti ṣe é ní Denver wọn ò ṣe é, ilé ara wọn ni wọ́n dúró dè, ó ní káwọn pàdé ní play-off. Wọ́n sì pàdé lóòótọ́. Lálẹ́ 22 oṣù Karùn-ún 1997, Detroit ń nà wọ́n lọ sí 6 sí òdo, Marc Crawford, kóòṣì Colorado, bá gun ìdínà gíláàsì tó wà láàárín bẹ́ǹṣì méjèèjì, ó ń pariwo mọ́ Scotty Bowman, kóòṣì Detroit, NHL gba $10,000 lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ rántí orúkọ Crawford yẹn. Detroit lé wọn lọ sílé ní géèmù mẹ́fà, wọ́n na Philadelphia Flyers ní mẹ́rin léra wọn, kọ́ọ̀pù tí wọn ò rí fún ọdún 42 dé, góòlù tó sì gba kọ́ọ̀pù náà ní 7 oṣù Kẹfà, McCarty ló gbá a. Ó tan Janne Niinimaa bíi pé ìta lòun ń lọ, ó gba inú kọjá lára ẹ̀, ó tún gbé pọ́ọ̀kì yí Ron Hextall ká, ó fi í sílé. Góòlù ẹni tó mọ nǹkan ni. Ayọ̀ yẹn ò pẹ́, torí ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn ẹ̀ ni límósìn tó gbé Konstantinov, Slava Fetisov àti Sergei Mnatsakanov tó ń wọ́ ara fún wọn lọ gbá igi, orí Konstantinov àti ti Mnatsakanov bàjẹ́, Konstantinov ò gbá họ́kì mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Lemieux náà mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa òun. Kíká jọ tó ká jọ yẹn, ní ayé họ́kì, ìtìjú ló jẹ́, àwọn kan sọ ọ́ ju bí wọ́n ṣe ń sọ ohun tó ṣe fún Draper lọ. Nígbà tí Colorado tún padà dé Joe Louis Arena ní 11 oṣù Kọkànlá 1997, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ McCarty kí wọ́n tó ju pọ́ọ̀kì sílẹ̀, pọ́ọ̀kì balẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta ò tíì kọjá, ibọ̀wọ́ wọn ti wà nílẹ̀. Ó jà lọ́tẹ̀ yìí, ó jà dáadáa, ojúkojú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe òdodo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn pẹ̀lú, torí kò sẹ́ni tó fipá mú un, níwájú èrò tó ń bú u, nílé ẹni tó lù ú. Nígbà tí ESPN ṣe fíìmù nípa ọ̀rọ̀ náà ní 2022, àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀.

Àmọ́ o, tá a bá ń rántí àwọn èèyàn yìí, ká rántí wọn tán. Ọwọ́ ọ̀tún Kocur, eyín ẹni tó gbá lẹ́ṣẹ̀ẹ́ ló ya á nígbà tó ṣì wà ní líìgì kékeré, ẹ̀gbò náà kó kòkòrò, díẹ̀ ló kù kí wọ́n gé ọwọ́ yẹn. Probert kú ní 2010, ẹni ọdún 45 ni, ọkàn ẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀, nígbà táwọn oníṣègùn Boston University yẹ ọpọlọ ẹ̀ wò, wọ́n rí CTE, àrùn tí orí gbígbá léraléra máa ń fà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Derek Boogaard tó ṣe ẹ̀ṣọ́ fún Minnesota àti New York Rangers kú lẹ́ni ọdún 28, ọtí àti oògùn ìrora ló pa á, òun náà ní CTE. Kí ọdún 2011 yẹn tó parí, Rick Rypien àti Wade Belak ti kú, ẹ̀ṣọ́ làwọn náà. McCarty náà bá ọtí jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó bọ́ sínú gbèsè tó kó o lọ ilé ẹjọ́, kó tó padà sí Detroit tó sì tún gba kọ́ọ̀pù ní 2008. Gbogbo ìgbà tá a bá dìde nílé tá a ń pariwo ẹ̀ṣẹ́, orí ẹnì kan ló ń gba ẹ̀ṣẹ́ náà.

Ohun tó sì jẹ́ kí n kọ gbogbo èyí ni alẹ́ kejì, alẹ́ tí àwọn tó ń sọ ìtàn 26 oṣù Kẹta kì í fẹ́ sọ. Ní oṣù Kejì 2004, Steve Moore, ọmọ Colorado tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, gbá Markus Naslund, kápútẹ́ẹ̀nì Vancouver Canucks, lórí, Naslund fara pa. Rẹfirí ò fọn fèrè, NHL wò ó wọ́n ní kò sí ìjìyà kankan. Ẹ ti mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Gbèsè tún wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó gbà á. Kóòṣì Vancouver nígbà yẹn ni Marc Crawford, ẹni tí mo ní kẹ́ ẹ rántí. Nígbà tí tíìmù méjèèjì pàdé ní Vancouver ní 8 oṣù Kẹta, Moore ti bá Matt Cooke jà ní ìdá àkọ́kọ́, ó yẹ kó ti tán, bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ pé gbèsè ti san. Ìdá kẹta, Colorado ń nà wọ́n gidi, Todd Bertuzzi ti Vancouver tẹ̀ lé Moore, ó ń pè é níjà, Moore ò dá a lóhùn, Bertuzzi fa aṣọ ẹ̀ látẹ̀yìn, ó gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ létí, ó sì wó tẹ̀ lé e lulẹ̀, ojú Moore ló fi balẹ̀ lórí yìnyín, àwọn tó kù wó lé wọn. Egungun ọrùn mẹ́ta ló fọ́, ọpọlọ ẹ̀ mì.

Ẹ wo bí méjèèjì ṣe jọra tó. Wọ́n ṣe ẹnì kan léṣe, líìgì ò ṣe nǹkan tó tó, àwọn ará tíìmù ẹ̀ ń ka ọjọ́, ẹni tí wọ́n wá ò wojú ẹ̀ṣẹ́ tó ń bọ̀. McCarty ju tiẹ̀ látẹ̀gbẹ́, Lemieux dìde, ó padà sínú géèmù lọ́jọ́ iwájú. Bertuzzi ju tiẹ̀ látẹ̀yìn, Moore ò dìde. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ò ju bí ẹ̀ṣẹ́ ṣe balẹ̀ àti bí ọrùn ṣe kọ́ lọ, ìyẹn ni mi ò fi lè wo fídíò Detroit yẹn mọ́ láìrántí ti Vancouver, inú mi sì ṣì máa ń dùn nígbà tí góòlù McCarty bá wọlé, méjèèjì jọ wà lọ́kàn mi. Ilé ẹjọ́ gbọ́ ti Bertuzzi, ó gbà pé òun jẹ̀bi, wọn ò rán an lọ sẹ́wọ̀n, NHL ò jẹ́ kó gbá fún oṣù 17, lẹ́yìn náà ó padà wá, ó tiẹ̀ gbá fún Detroit fún ọdún mélòó kan. Moore pè é lẹ́jọ́ owó, ọdún 2014 ni wọ́n tó yanjú ẹ̀ láìsí pé wọ́n sọ iye tó gbà fáráyé.

Draper tí wọ́n fọ́ lójú ní 1996, ó gbá họ́kì títí di 2011, ó gba Stanley Cup lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n fún un ní Selke ní 2004, àmì-ẹ̀yẹ ẹni tó wà níwájú tó mọ bí wọ́n ṣe ń dí tíìmù kejì lọ́wọ́ jù. Moore ò gbá géèmù NHL kankan mọ́ lẹ́yìn alẹ́ 8 oṣù Kẹta 2004, ẹni ọdún 25 ni nígbà náà.